Àfòmọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Ì- àti Ù-: Orírun Rẹ̀ Láàárín Àwọn Èdè Tí Ó Bá Yorùbá Tan, àti Ìlò Rẹ̀ Nínú Ìṣẹ̀dá Èdè-Ìperí

Ìfáàrà

Ní ọdún 1984 ni apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé. Apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Láti ìgbà náà ni àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀-èdè ti ní ibi ìfẹsẹ̀múlẹ̀ kan nígbà tí wọ́n bá ń fi Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Yorùbá. Orúkọ ìwé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni perí. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo, ì-, ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ.

Fáwẹ̀lì yìí ni ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Ó rọrùn láti lò, ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í gbà á kò sì pọ̀. Ìrọ̀rùn náà ni ó sì ń fa wàhálà. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní fonọ́lọ́jì yóò sọ fún wọn pé ìpajẹ ni kí ìró kan sọnù, àrànmọ́ sì ni kí ìró kan fi ìwà jọ ìró tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìró ni méjèèjì. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi gba ì-, tí èkejì sì gba à-? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣe àṣejù. Kí olùkọ́ tó lè dá a lóhùn dáadáa, ó ní láti mọ ohun tí ì- ń ṣe nínú èdè àti ibi tí ó ti wá, nítorí ìtàn rẹ̀ jìn ju Yorùbá tí wọ́n ń kọ sínú ìwé lọ.

Iṣẹ́ tí ì- ń ṣe

Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ohùn ìsàlẹ̀ ni ì- sábà máa ń ní nígbà tí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí àpólà-ìṣe. Láti ara rìn ni ìrìn ti wá, láti ara fẹ́ ni ìfẹ́, láti ara ṣe oògùn ni ìṣègùn. Ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ àtijọ́, irú bí ikú láti ara kú, ohùn àárín ni ó ní.

Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni pé ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò rìn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìrìn jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Ìgbálẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́; ohun èlò ni, òun ni ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbá ilẹ̀. Ìdákọ̀ró, ohun tí ń dá ọkọ̀ ró, ohun èlò ni òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìbòjú. Ìtọ̀ àti ìmí kì í ṣe iṣẹ́, wọn kì í sì í ṣe ohun èlò: ohun tí ó ti ara ènìyàn jáde ni wọ́n. Ìjókòó tilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì pa pọ̀, nítorí wọ́n ń fi í pe bí ènìyàn ṣe jókòó, wọ́n sì ń fi í pe ohun tí ó jókòó lé.

Àpètúnpè kò ní ìwà yìí. Gbígbá àti rírìn ń tọ́ka sí iṣẹ́ nìkan. Kò sí bí gbígbá ilẹ̀ ṣe lè di orúkọ fún ọwọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún atúmọ̀-èdè. Bí ó bá lo àpètúnpè, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ìtumọ̀ mìíràn. Bí ó bá lo ì-, ó ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó lè gba ibẹ̀ wọlé.

Àfòmọ́ à- ni ó sún mọ́ ì- jù lọ. Èrò ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni pé ì- wà fún iṣẹ́, à- sì wà fún ohun tí iṣẹ́ náà bí. Àwọn ọ̀rọ̀ kan gbè wọ́n lẹ́yìn: ìròpọ̀ ni kí ènìyàn máa ro nǹkan pọ̀, àròpọ̀ ni iye tí ó kù sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ parí, ìkójọ ni iṣẹ́, àkójọ ni ohun tí ó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè kò tẹ̀ lé òfin yìí dé òpin. Àyẹ̀wò jẹ́ iṣẹ́, à- ni ó sì gbà. Ìtọ̀ jẹ́ ohun tí iṣẹ́ bí, ì- ni ó gbà. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni pé òfin tí kò ní àléébù ni, ó ń kọ́ni ní ohun tí ó wù ú pé kí èdè jẹ́.

Ù- ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá

Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Mẹ́fà nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. U nìkan ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé gírámà máa ń sọ èyí bí ẹni pé ìwà gbogbo Yorùbá ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Èkìtì àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní ìlà-oòrùn, fáwẹ̀lì méjèèje ni ó lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Níbi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń sọ ilé, ará Èkìtì yóò sọ ulé. Iná ni uná, iṣu ni uṣu, ikú ni ukú, ìwé ni ùwé, ìlú ni ùlú. Ilé-Ifẹ̀ pàápàá, Ùfẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ìlú kò sì ṣe é pa mọ́: Ùsì wà ní Èkìtì, Uso, Ute àti Upenmẹ sì wà ní àgbègbè Ọ̀wọ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn akọ̀wé ìjọba ń kọ orúkọ wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan kò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u.

Bí ohùn Ọ̀yọ́ ṣe borí nínú ìwé kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ Òṣogùn ni Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Nígbà tí odindi Bíbélì fi jáde ní 1884, ilé, iná àti ìwé ti di ohun tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń kọ, ìbáà jẹ́ Adó-Èkìtì ni wọ́n bí i sí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ka u- sí àṣìsọ, tí wọ́n ń kọ igi lé e lórí nínú ìwé ọmọ. Pé kí ọmọ kọ ìwé nínú àròkọ jẹ́ ohun tí ó tọ́, nítorí ìlànà kan ni gbogbo ènìyàn jọ ń lò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún un pé ùwé jẹ́ Yorùbá tí ó bàjẹ́, irọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé èyí yóò ti fi hàn, ó ṣeé ṣe kí ẹnu ọmọ náà ti tọ́jú ohun tí ó dàgbà ju ti inú ìwé lọ.

Èwo ni ó ṣáájú?

Lọ́dún 1967 ni Abíọ́dún Adétùgbọ́ ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ṣe pín sí agbègbè, tí ó sì fi ìyàtọ̀ àárín ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn hàn kedere. Ní 1978, Akínkúgbé gbé àwọn ẹ̀ka-èdè náà sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú Ìṣẹkírì àti Ígálà nínú iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ìbàdàn. Pé Ígálà bá Yorùbá tan kì í ṣe àwárí tuntun. Koelle, ẹni tí ó kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n dá nídè kúrò lóko ẹrú ní Freetown, ti to Ígálà mọ́ àwọn èdè Yorùbá nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1854.

Ní Ígálà, ilé ni unyi, iná ni una, iṣu ni uchu, ikú ni ukwu. Ẹ̀rí yìí wúwo. Ígálà ti yapa kúrò lára Yorùbá tipẹ́tipẹ́, kí Èkìtì àti Ọ̀yọ́ tó di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí i- bá ni ìpilẹ̀, ó túmọ̀ sí pé Èkìtì sọ i- di u- lọ́tọ̀, Ígálà náà sì ṣe ohun kan náà lọ́tọ̀, lára àwọn ọ̀rọ̀ kan náà. Bí u- bá ni ìpilẹ̀, ìyípadà kan ṣoṣo ni ó ṣẹlẹ̀: ní ìwọ̀-oòrùn, u- tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ di i-, ó sì dà pọ̀ mọ́ i- tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àlàyé kejì rọrùn láti gbà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sì túmọ̀ sí pé gbogbo i- inú Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó ti jẹ́ u- rí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni onímọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Ẹ̀rí kan tún ti Ẹ̀dó wá. Uhẹ ni orúkọ tí àwọn ará Ẹ̀dó ń pe Ilé-Ifẹ̀, ó sì bá Ùfẹ̀ ti Èkìtì mu dáadáa ju Ifẹ̀ ti ìwé lọ. Bí orúkọ ìlú kan bá ti wọ inú èdè aládùúgbò, ó máa ń dúró níbẹ̀ bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó wọlé, kódà bí àwọn onílé ti yí tiwọn padà.

Ù- tí ó fara pamọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ù- ti kú pátápátá nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Wọ́n gbàgbé ibùsùn.

Bí wọ́n bá bi olùkọ́ léèrè bí ibùsùn ṣe jẹ́, yóò ní ibi àti sùn ni. Níbo wá ni ù ti wá? Ibi kò ní ù. Sùn ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun ni ó wà ní ìparí ọ̀rọ̀. Ibùgbé tilẹ̀ mú ìṣòro náà hàn kedere jù, nítorí kò sí u rárá nínú ibi tàbí nínú gbé. Ibùjókòó ń kọ́? Ibùdúró ń kọ́? Gbogbo wọn ní ù kan tí kò ní bàbá nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ènìyàn bá fi ù- ti ìlà-oòrùn sí i, ohun gbogbo yóò tò: ibi pẹ̀lú ùgbé, ibi pẹ̀lú ùsùn, ibi pẹ̀lú ùjókòó. Fáwẹ̀lì ìparí ibi jẹ́ ìpajẹ nígbà tí ó bá fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì pàdé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ù- sì ṣẹ́kù pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí pé ó wà láàárín ọ̀rọ̀, òfin tí ó lé u- kúrò níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò rí i mú.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ù- tí ó fara pamọ́ yìí ṣì ń bímọ. Nígbà tí ọkọ̀ èrò dé, tí ibi tí ó ń dúró sí nílò orúkọ, ibùdókọ̀ ni àwọn ènìyàn sọ ọ́. Àwọn tí ẹnu wọn kò lè sọ ùdókọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan ń sọ ibùdókọ̀ láìronú.

Àwọn onímọ̀ kan ti gbìyànjú láti fi ọ̀nà kan náà ṣàlàyé olù- inú olùkọ́, olùṣọ́ àti olùgbàlà. Wọ́n ní oní pẹ̀lú ùkọ́ ni ó di olùkọ́. Kọ́ńsónáǹtì gbè wọ́n lẹ́yìn, nítorí n inú oní máa ń di l bí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e kò bá jẹ́ i: oní àti ata di aláta, oní àti ẹja di ẹlẹ́ja, ṣùgbọ́n oní àti ilé wà bẹ́ẹ̀ ní onílé. Ohùn ni kò gbè wọ́n. Nígbà tí oní bá pàdé ọ̀rọ̀, ọlọ́rọ̀ ni ó ń dà, ohùn òkè oní kì í sọnù. Bí òfin kan náà bá ṣiṣẹ́, olúkọ́ ni kò bá jẹ́, kì í ṣe olùkọ́. Títí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣàlàyé ohùn yìí, ẹ̀rí ibù- ni ó lágbára. Olù- kàn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.

Àwọn ìbátan tí ó jìnnà

Títí di ọdún 1977, nígbà tí Bennett àti Sterk tún àwọn èdè wọ̀nyí pín, inú ẹ̀yà Kwa ni wọ́n máa ń fi Yorùbá, Ẹ̀dó àti Ìgbò sí. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń kà wọ́n mọ́ Benue-Congo, ẹ̀yà ńlá tí àwọn èdè Bantu wà nínú rẹ̀. Àyípadà yìí kàn ọ̀rọ̀ àfòmọ́ gan-an, nítorí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni òpó tí gírámà Bantu dúró lé. Bleek ti fi èyí hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1862: orúkọ kọ̀ọ̀kan ní àfòmọ́ kan fún ẹyọ àti òmíràn fún ọ̀pọ̀. Ní Swahili, ènìyàn kan ni mtu, ènìyàn púpọ̀ ni watu.

Yorùbá ti pàdánù irú ìṣètò bẹ́ẹ̀. Àwọn ni ó ń fi ọ̀pọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀dó ṣì ní àjẹkù rẹ̀: ọkùnrin kan ni okpia, àwọn ọkùnrin ni ikpia, obìnrin kan ni okhuo, àwọn obìnrin ni ikhuo. Ó ṣeé ṣe pé fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá, tí kò ní ìtumọ̀ kankan létí ẹni tí ń sọ ọ́ lónìí, jẹ́ ohun tí ó ṣẹ́kù lára irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti sísọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ, ọ̀rọ̀ ikú ni ó fi ìbátan hàn jù. Ní Ẹ̀dó, wu ni kú, uwu sì ni ikú: fáwẹ̀lì u- kan náà, iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀dó tún ń fi u- ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó sì fi -mwẹn tì í lẹ́yìn. Láti ara khiẹn, tí í ṣe tà, ni ukhiẹnmwẹn, ọjà títà, ti wá. Ní Ìgbò, nwụ ni kú, ọnwụ sì ni ikú. Fáwẹ̀lì mìíràn ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò yàtọ̀. Ìgbò sì ní i- tàbí ị- tí ó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: iri láti ara ri, jẹun, ịga láti ara ga, lọ. Àǹkóò fáwẹ̀lì ni ó ń yan èyí tí ọ̀rọ̀-ìṣe yóò gbà. Ì- ti Yorùbá kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Ó bá lọ àti rìn gbé láìṣẹ́jú.

Ibi tí ìṣọ́ra ti pọndandan nìyí. Swahili náà ní u-, ó sì ń fi í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún èròǹgbà: umoja, ìṣọ̀kan, láti ara moja, ọ̀kan. Ujamaa, tí Ìkéde Arusha ti ọdún 1967 sọ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́, jẹ́ u- tí wọ́n fi ṣáájú ọ̀rọ̀ tí Swahili yá lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ó wu ènìyàn láti so u- yìí pọ̀ mọ́ ti Èkìtì. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. U- ti Swahili jẹ́ ìkékúrú bu- àtijọ́, tí kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ ti sọnù, ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni ó sì sábà máa ń bá ṣiṣẹ́. Ìjọra létí kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bára wọn mu léraléra ni ẹ̀rí.

Ìlò nínú ìṣẹ̀dá èdè-ìperí

Àpẹẹrẹ ujamaa wúlò fún ohun mìíràn. Àfòmọ́ Swahili náà lè gbé ọ̀rọ̀-orúkọ àjèjì. Ì- ti Yorùbá kò lè ṣe é. Oní- ni ó ń gbé àjèjì ní Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí onímọ́tò àti onífọ́tò. Ì- ń bèèrè ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ni ó sì máa ń fẹ́. Nítorí náà atúmọ̀-èdè tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tuntun kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ tí ó wà nínú ìwé àjèjì. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ó kọ́kọ́ wá: kí ni nǹkan náà ń ṣe, tàbí kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí i?

Ẹ̀kọ́ nípa omi ni àpẹẹrẹ tí ó rọrùn. Yìnyín ń yọ́, nítorí náà ìyọ́. Omi ń hó, nítorí náà ìhó. Nígbà tí omi bá dì ń kọ́? Ìdì ti wà nílẹ̀ fún ohun tí wọ́n dì pọ̀, ohùn wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọ tí ó bá ka ìdì omi lè rò pé omi tí wọ́n dì sínú ọ̀rá ni. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú àṣà èdè fúnra rẹ̀: bí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo bá kọlu ọ̀rọ̀ mìíràn, kí wọ́n lo odindi àpólà-ìṣe, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ṣe nígbà tí wọ́n fi dá ọkọ̀ ró ṣe ìdákọ̀ró. Ìdiyìnyín, láti ara di yìnyín, gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ní ti ì- àti à-, ó dára kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fi ì- fún iṣẹ́, kí wọ́n sì fi à- fún ohun tí iṣẹ́ bí, nígbàkígbà tí àwọn méjèèjì bá máa wà nínú ẹ̀kọ́ kan náà, bí ìròpọ̀ àti àròpọ̀ nínú ìṣirò. Àdéhùn láàárín àwọn oníṣẹ́ ni yóò jẹ́. Kì í ṣe òfin tí wọ́n bá lọ́wọ́ èdè. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti fìdí múlẹ̀ kò nílò àtúnṣe. Àrànmọ́ ti wọ ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di ìrànmọ́ nítorí pé ìpajẹ gba ì- yóò kàn sọ ọ̀rọ̀ kan di méjì lásán. Olùkọ́ lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bèèrè pé à- àti ì- ti ń wọ oko ara wọn tipẹ́, àti pé àyẹ̀wò ti ṣe irú rẹ̀ kí àrànmọ́ tó dé. Àì- ni kò mú ìjà wá: bí ìdọ́gba bá ti wà, àìdọ́gba ti wà nìyẹn.

Kí wọ́n wá mú ù- padà wá sínú ìwé bí? Kò sí ìdí fún un. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní jèrè ohunkóhun nínú ùwé, ìdàrúdàpọ̀ ni yóò sì kó bá àwọn tí ń kọ́ ìwé kíkà. Ibù- ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí ó ti wà nínú ilé, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kún fún orúkọ ibi: ibi tí ìlà méjì ti pàdé, ibi tí ìtànṣán ti tẹ̀, ibi tí odò méjì ti dà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ń fi gbólóhùn gígùn ṣàlàyé wọn. Ibùpàdé ìlà méjì kúrú, etí gbà á, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì pamọ́ fún ọmọ tí ó mọ ibùsùn àti ibùdókọ̀. Ọmọ Èkìtì tí ó bá ń sọ ùpàdé nílé yóò tètè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bóyá kí olùkọ́ rẹ̀ tó rí i.